Ọjọ́ Orí Tọ́ọ̀gì
Ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Adó-Èkìtì, ọmọ ọdún 18 lè dìbò. Àgùnbánirọ̀ ọmọ ọdún 22 sì lè bá wa ka ìbò náà. Àmọ́ kó tó lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀, ó di ọdún 25. Ti gómìnà di 35, nítorí òfin ọdún 2018 tó dín ọjọ́ orí ààrẹ kù láti 40 sí 35 kò kan ti gómìnà. Àwọn àgbà ní sùúrù àwọn ọ̀dọ́ ò tíì tó. Ó dáa, kí ló dé tí olóṣèlú tó ń pín àdá fún tọ́ọ̀gì kì í béèrè ìwé ọjọ́ ìbí? Ẹ jẹ́ kí òfin fi ti tọ́ọ̀gì náà sí 60: ibẹ̀ ni sùúrù wà.