Bùrọ̀dá Wọ́ọ́rọ́wọ́

Oṣù Kejìlá ló máa ń balẹ̀ sí Niamey, nígbà tí ọyẹ́ bá ti lé ooru lọ. Páálí gígùn pẹlẹbẹ kan ló máa ń wọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Diori Hamani. Aṣọ́bodè á ní kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kẹ̀kẹ́ ni, ọ̀gá."

"Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ máa gùn ún."

Aṣọ́bodè á wo bàtà rẹ̀, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀ láti ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kò rí ojú ibi tí ìṣẹ́ gbà wọlé. Á wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, ṣé kò ní ẹbí kankan nílùú tó lè fi mọ́tò wá gbé e ni?

Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ìlú tí Yorùbá tẹ̀dó sí tí kò ní tirẹ̀. Ti London ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lẹ́bàá Regent's Canal láàárọ̀ Sátidé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè dé ibi ìkómọ. Èyí tí mò ń wí yìí, Niamey ni wọ́n bí i sí, lẹ́yìn Grand Marché, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta aṣọ títí di òní. Ó lọ kàwé ní Toulouse, iṣẹ́ gidi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló sọ ọ́ ní Bùrọ̀dá Wọ́ọ́rọ́wọ́, torí pé bí wọ́n bá bi í pé níbo ló ń lọ láàárọ̀ kùtù, èsì kan náà ló ní: "Kò síbì kankan, Màmá. Mo kàn fẹ́ rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni." Obìnrin tó ti wà lórí ìdúró láti aago mẹ́rin kò mọ irú ibi tí wọ́n ń pè ní kò síbì kankan. Nínú ọjà tiwọn, ẹni tí kò bá ń lọ síbì kankan, ṣe ló ń jókòó.

Kò ní tíì pé wákàtí kan tó wọlé tí yóò fi gbé ìtàn Canal du Midi kalẹ̀. Ọmọ ilé o, oníbàárà o, ọmọ iṣẹ́ tó wá tọrọ àyè lọ jẹun o, kò sẹ́ni tó bọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Pierre-Paul Riquet, tó ń gba owó orí iyọ̀ fún ọba Faransé. Ní 1666, Louis Kẹrìnlá fọwọ́ sí i pé kí ó gbẹ́ odò àtọwọ́dá láti Toulouse lọ sí etí òkun lápá Sète. Riquet ná owó ara rẹ̀ sí i, ó kó òṣìṣẹ́ tó tó 12,000 jọ nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù, ó lu òkè já ní Malpas kí ọkọ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó wá kú ní 1680, oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí odò náà ní 1681. Kìlómítà 240. Ní 1996, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Bùrọ̀dá máa ń dákẹ́ díẹ̀ tó bá dé ibi UNESCO, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára.

"Kí ni wọ́n ń fi ọkọ̀ yẹn kó?" Ìyá rẹ̀ ló béèrè.

"Wáìnì, Màmá. Àti àlìkámà. Ọgbà àjàrà ló wà lọ́tùn-ún lósì, Minervois níhìn-ín, Corbières lọ́hùn-ún..."

"Èló ni owó ọkọ̀? Ta sì ni wọ́n ń san án fún?"

Kò mọ̀. Ó ti gun kẹ̀kẹ́ létí odò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ iye igi platane tó ń ṣíji bò ó (42,000 ni, àrùn kan tí wọ́n rí lára wọn ní 2006 ti mú kí wọ́n gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lulẹ̀, omi sì máa ń lé ròrò sójú rẹ̀ tó bá dé ibẹ̀). Ṣùgbọ́n kò sọ sí i lọ́kàn rí pé torí owó ni wọ́n ṣe gbẹ́ odò náà. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ létí omi tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbafẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀nà àwọn ẹṣin tó ń fi okùn fa ọkọ̀ ẹrù ni. Nígbà ayé àwọn ọkọ̀ náà, ibẹ̀ kì í dákẹ́: akẹ́rù ń ké, ẹṣin ń ké, oníbodè ń ké pé owó òun dà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí Bùrọ̀dá ń ròyìn fún wa yìí, ẹ̀yìn ìgbà tí rélùwéè àti ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odò náà ló tó dé.

Ọ̀rọ̀ àjàrà rí bákan náà. Ó lè ròyìn ìkórè àjàrà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí oòrùn ṣe ń tàn sí i, bí ewé rẹ̀ ṣe ń pọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ká a, láti Spain àti Morocco ni wọ́n ti ń wá. Inú gíláàsì ni Bùrọ̀dá àti àjàrà ti ń pàdé.

Kí ó tó jáde láàárọ̀, ó di wákàtí kan gbáko, nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ lẹ́rù. Àpò méjì lẹ́yìn, méjì níwájú, ọ̀kan lábẹ́ ìjókòó. Ẹ̀rọ kan wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń fi èdè Faransé júwe ọ̀nà fún un nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Òmíràn wà láyà rẹ̀ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, kí ó lè mọ̀ bóyá ara òun ti balẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ dúdú, ó kúrú, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lára débi pé kò sí àṣírí mọ́.

"O ò ní wọ aṣọ lé e ni?"

"Aṣọ náà rèé, Màmá."

"Ọmọ mi, àwọn Alájì ń bọ̀ láti mọ́sálásí. Jọ̀wọ́."

Ibi tó máa ń parí sí ni pé kí ó ró ìró ìyá rẹ̀ mọ́dìí títí yóò fi kọjá mọ́sálásí. Ní ìkóríta kejì ni yóò tú u, tí yóò ká a sínú àpò iwájú.

Ọ̀nà Saga ló fẹ́ràn jù. Á gba Gamkallé, á wá dé oko ìrẹsì. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ibẹ̀ rẹwà. Ẹ̀rọ ń fa omi Odò Ọya sókè, ó ń dà á sínú odò àtọwọ́dá ńlá, ńlá ń pín in fún kékeré, kékeré ń pín in fún oko, ìrẹsì sì ń so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní oṣù Kìíní, láìsí ẹ̀kán òjò kan, odò á kún dẹ́nu: òjò Guinea ni, èyí tó ti rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó gba àbàtà Mali kọjá kí ó tó dé Niamey. Odò yìí kan náà ló gbẹ níhìn-ín ní 1985 débi pé kò ṣàn mọ́. Àwọn àgbàlagbà Saga lè fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún un bó bá béèrè. Bùrọ̀dá dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó jọ Minervois."

Ẹ̀rọ afami nìkan ló ń bà á nínú jẹ́, torí ariwo rẹ̀ kì í dá. Ó ti bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ rí pé kí ó bá òun pa á ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí òun lè gba ohùn ẹyẹ sínú fóònù. Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ni ẹ̀rọ, pé àwọn tí omi kò tíì kàn ló jókòó sábẹ́ igi lọ́hùn-ún yẹn, kí ó lọ bá wọn sọ ọ́.

Kíkí náà tún wà níbẹ̀. Lọ́nà Saga, gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí i ní Zarma: fofo, mate ni go, ilé ń kọ́, iṣẹ́ ń kọ́, àárẹ̀ ń kọ́. Àgbẹ̀ tó di àpò ìrẹsì mẹ́ta sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì á sọ̀ kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, kò ṣòro fún un láti mọ̀ pé ó yẹ kí òun náà sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń ka ìdúró, ó ń fà á sẹ́yìn. Nítorí náà ó ń juwọ́, ó ń kọjá. Àwọn ọmọdé á sì máa sá tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo "Anasara! Anasara!", orúkọ tí wọ́n ń pe òyìnbó. Ó dúdú ju gbogbo wọn lọ. Awakọ̀ kabu-kabu náà á dẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á bi í pé kí ló bàjẹ́ lára mọ́tò rẹ̀ tó fi wá di pé ó ń wa èyí.

Ní Kirkissoye, ní òdìkejì odò, orí ògiri amọ̀ tí wọ́n mọ dí omi ló ń gùn lé. Ó ní ojú ibẹ̀ gún, kò sí ọkọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, omi já ògiri bẹ́ẹ̀ lápá ibẹ̀, ó sì wọ ilé àwọn ará ibẹ̀. Obìnrin kan fi ibi tí omi dé lára ògiri yàrá rẹ̀ hàn án. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ dára.

Ó ti fẹ́ lọ sí Kouré pẹ̀lú, 60 kìlómítà sí Niamey, lọ wo àwọn àgùnfọn tó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọn ò ju 49 lọ ní 1996, wọ́n ti lé ní 600 báyìí. Ní oṣù Kẹjọ 2020, agbébọn pa ènìyàn mẹ́jọ níbẹ̀, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ọmọ Faransé. Láti ìgbà náà, àjèjì kì í kúrò ní Niamey bẹ́ẹ̀ yẹn, sójà ní láti tẹ̀lé e. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ kan yóò wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ìbọn ńlá lórí méjèèjì, òun ni yóò sì san owó epo. Ó ronú díẹ̀. Ó béèrè bóyá àwọn sójà náà lè gun kẹ̀kẹ́.

Ìgbà kan wà tí ìwé ìrìnnà Faransé jẹ́ ohun tó ń gbé sórí tábìlì. Láti oṣù Keje 2023 tí àwọn ológun gba ìjọba, tí wọ́n sì lé sójà Faransé lọ, ìsàlẹ̀ àpò ló ń gbé e sí. Aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà ló ń mú jáde. Lọ́dún yẹn tí Nàìjíríà ti bodè tó sì já iná mànàmáná Niger, ìyẹn náà kò dára lójú sójà. Ó wá di pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló ṣeé fi hàn.

Nígbà tí ẹnì kan láti Tillabéri sọ fún un pé ìjọba ti fòfin de alùpùpù ní ọ̀pọ̀ ibi lápá ọ̀dọ̀ wọn láti 2020, nítorí agbébọn, pé kẹ̀kẹ́ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni àwọn fi ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, inú Bùrọ̀dá dùn. "Ẹ wo bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò ṣe mọ́!" Ará Tillabéri kò dá a lóhùn. Ó ra aṣọ tó wá rà, ó lọ.

Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gánà ló wà tẹ́lẹ̀ kí òfin ìjọba Busia níbẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní oṣù Kọkànlá 1969, kò sì fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ òfo. Ó ra Raleigh àlòkù ní Niamey, ó di aṣọ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tà á láwìn ní Saga, ní Kollo, títí dé Say, bí àwọn òṣómàáló ṣe ń ṣe. Afárá Kennedy kò ṣí títí di 1970. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé òun àti kẹ̀kẹ́ sọdá. Ọjọ́ tó ra alùpùpù Mobylette, ó pa àgbò. Ó fi Raleigh náà ta ẹnì kan lọ́rẹ, ó ní kí ó má jẹ́ kí òun tún fojú kàn án.

"Èló lo ra èyí?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"4,000 yúrò, Bàbá."

Bàbá ṣírò rẹ̀ lórí ìka: mílíọ̀nù méjì ó lé 600,000 sẹ́fà. Alùpùpù Ṣáínà mẹ́rin, kí ṣéńjì sì kù. Ó tún wo kẹ̀kẹ́ náà yípo, ó wá ibi tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì pamọ́ sí.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ létí odò yìí rí, Bàbá."

"Wọ́ọ́rọ́wọ́ bí i ti báwo? Eré ni mò ń sá. Bí ajigbèsè bá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ mi, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde."

Ibẹ̀ ni ìyá ti gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Bùrọ̀dá ṣe ń so àpò mọ́ kẹ̀kẹ́, ó bá ọ̀kan nínú wọn tó kún fún àǹkárá.

"Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà Saga lo ń gbà. Obìnrin mẹ́ta ni, mo ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé."

"Màmá, mo ń lọ sinmi ni o."

"Kò burú, máa sinmi lọ, máa sinmi bọ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yẹn, láti ọdún Iléyá ló ti jẹ mí. Má kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bó bá ní kí o padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, bá mi wo ohun tí ẹ̀rọ àyà rẹ yẹn bá kà."