Ọkọ̀ Oníjòkòó Méjì fún Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́fà

Láàrin gbogbo ẹ̀bùn tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní òkè òkun ń fi ránṣẹ́ sí òbí wọn nílé, bóyá ni a rí èyí tó ta kókó tó ọkọ̀ eré oníjòkòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, èyí tí ẹlòmíràn ti lò gbó ní Amẹ́ríkà kí ó tó di ti ìyá àgbà kan ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, tí yóò máa gbé e lọ sọ́jà, sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí òde ìnáwó lójoojúmọ́. Àwọn aláìmòye a máa bú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí kò ní bú u. Yóò kàn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tìṣọ́ratìṣọ́ra, kí ó lè hàn sí gbogbo ayé ẹni tí ọkọ̀ náà bá mu gan-an.

Ọkọ̀ eré ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nítorí adùn wíwà rẹ̀, tí wọn kò ro ti ẹrù tàbí ti èrò mọ́ ọn. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn oníjòkòó méjì ni Mazda MX-5, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Chicago ní ọdún 1989, tí ìwé Guinness sì kà sí èyí tí ó tà jù lọ nínú irú rẹ̀ ní ọdún 2000. Ọmọ tí ń gbé ní London lè rí i rà lówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì tirẹ̀ wà, Nàìjíríà sì ti kúrò ní apá òsì ọ̀nà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà èjìká ará Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ oore yìí máa ń já lé. Ará Amẹ́ríkà ọ̀hún kì í sì í ra Mazda. Mercedes-Benz SLK ni yóò rà, nítorí pé ojú àwọn aládùúgbò ti mọ àmì iwájú rẹ̀ láti òkèèrè.

Òrùlé SLK kì í ṣe aṣọ, irin ni, agbára òróró inú páìpù ni ó sì fi ń ká ara rẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù. Nínú irú èyí tí ó jáde ní ọdún 2004, ìṣẹ́jú àáyá 22 péré ni ó ń gbà. Àwọn tí ó ṣe é kò fi mọ síbẹ̀, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Airscarf, tí olówó lè ní kí wọ́n bá òun fi sínú ìjókòó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí awakọ̀ lọ́rùn kí òtútù Jámánì má baà mú un. Kò sí àní-àní pé nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn bá ń pa ìyá náà lágbárí láti Mókọ́lá dé Dùgbẹ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti dá gbogbo ọkọ̀ dúró gbagidi, atẹ́gùn gbígbóná lọ́rùn nìkan ni ó kù tí ó ń wá.

Bọ́ọ̀tù náà ní ìlànà tirẹ̀. Ìbòrí kan wà nínú rẹ̀ tí ó pààlà sáàrin ẹrù àti òrùlé tí ó ká, bí ìbòrí yìí kò bá sì jókòó dáadáa, òrùlé kò ní ṣí, bí ó ti wù kí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì tó. Ìyá tí ó bá ra àpò gààrì kan ṣoṣo ní ọjà Bódìjà ti fi gààrì ti afẹ́ pa nìyẹn. Gèlè tún le ju gààrì lọ: bí òrùlé bá wà lókè, yóò tẹ gèlè pẹlẹbẹ kí wọ́n tó dé òde, bí wọ́n bá sì ká a, atẹ́gùn yóò tú u. Nípa kòtò, gálọ́ọ̀pù àti orúnkún ẹni 70 ọdún tí ó ń gbìyànjú láti dìde nínú ìjókòó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kò yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí ọjọ́ àgbà.

Àǹfààní kan wà ṣá, tí olódodo kò lè sẹ́. Ọkọ̀ ìyá kì í ṣe ti ìyá rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ti ẹgbẹ́ ni, ti ìjọ ni, ti ọmọ-ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ mú ní iléèwé ni, ti aládùúgbò tí ó kàn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní iwájú díẹ̀ ni. Ìjókòó méjì fi òpin sí gbogbo èyí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyọnu tí ó kù ni pé ìjókòó kan yẹn ti di oyè, Ìyá Ìjọ àti ìyálóde ẹgbẹ́ sì ti ń wo ara wọn ní ìwòkuwò nítorí rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Bí ìyá bá sì gba dírẹ́bà, ọ̀rọ̀ tún bẹ́yìn yọ. Ọ̀wọ̀ ọlọ́kọ̀ ní ilẹ̀ yìí wà ní igun ọ̀tún ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí ènìyàn pàtàkì máa ń gbé ka ìwé ìròyìn. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀yìn kò lè ní igun, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni ìyá yóò jókòó sí, tí àwọn ará ọ̀nà yóò sì máa bi ara wọn léèrè ta ni ó gbé ta ni.

Gbogbo àléébù wọ̀nyí a máa pòórá nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ọmọ bá dé fún ọdún. Orúnkún tirẹ̀ kò ro ó, kò wé gèlè, kò sì ní gààrì í gbé. Ó tẹ bọ́tìnnì, òrùlé ká, ó kọrí sí Èkó. Ní Sátidé ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, ìyá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta yóò wọ Micra, takisí àwọn ará Ìbàdàn, tí yóò gbé gbogbo wọn tìrẹsìtìrẹsì láìjanpata. Bí ọdún bá parí, ọmọ yóò dá kọ́kọ́rọ́ padà, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì bẹ màmá pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á títí òun yóò fi tún dé.