Bọ̀dá Awogbó

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ní Àkúrẹ́, ẹ mọ ẹnìkejì rẹ̀ ní Òǹdó tàbí ní Ìbàdàn. Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ dáadáa lójú ọ̀nà Oda, á ti dúró sẹ́nu géètì rẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ eruku tó ní àpò mẹ́jọ, bàtà bíi ti sójà tó ránṣẹ́ rà láti Kánádà, fìlà etí gbòòrò, àti awò méjì: ọ̀kan fún oòrùn, èkejì èyí tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ irin fúyẹ́fúyẹ́, ó ṣeé ká bí agboòrùn. Owó ọ̀pá náà tó ra àdá mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún rìn lọ rìn bọ̀ nínú oko kòkó lápá Oda, kò ra ọ̀pá rí. Igi tó bá rí lọ́nà ló ń gé. Tó bá délé, ìyàwó rẹ̀ á fi dáná.

Iṣẹ́ tí Bọ̀dá Awogbó ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráídè kò kàn wá. Ohun tó kàn wá ni pé ó fẹ́ràn igbó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Á ní afẹ́fẹ́ igbó dára fún ẹ̀dọ̀fóóró. Á ní láti 1982 ni ìjọba Japan ti ń rọ àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n máa lọ dúró láàárín igi kí ara wọn lè balẹ̀. Òótọ́ sì ni.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ bi í léèrè ibi tó ń lọ tó fi múra bí ẹni tó ń rojú ogun.

“Mo fẹ́ lọ rin tíréèlì ni, Mọ́mì.”

Ìyá gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Tírélà? Wọ́n tún ti gbé tírélà wọgbó? Àwọn tí ń kó gẹdú náà ni?”

“Kì í ṣe tírélà, mà. Tíréèlì. Ọ̀nà tóóró tó gba àárín igbó kọjá.”

“Háà. Ọ̀nà oko lò ń pè bẹ́ẹ̀.” Ó gbé àwo rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. “Ó dàbọ̀ o. Bí o bá rí olú, mú díẹ̀ bọ̀ fún mi.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ ṣì gbọ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Òǹdó lóru mọ ọkọ̀ tí ń gbé gẹdú. Igbó ìjọba tí àwọn òyìnbó amúnisìn pààlà sí lẹ́bàá Àkúrẹ́, arère àti ìdígbó inú rẹ̀ ń di pákó, ilẹ̀ ibẹ̀ ń di oko kòkó. Bọ̀dá Awogbó kò tíì débẹ̀ rí. Ó ní kò síbi tí ènìyàn ti lè ra kọfí níbẹ̀.

Lẹ́kkí ló ń lọ. Ó ń fi wákàtí bíi márùn-ún, mẹ́fà jókòó nínú mọ́tò, bí ọ̀nà bá dára o, kí ó lè rí igi. Kí n má parọ́, ibẹ̀ yẹ ní wíwò. Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ló ṣe é lọ́jọ̀ ní 1990: hẹ́kítà 78 irà àti igbó etí òkun tí wọ́n yọ lẹ́nu àwọn onílé kí ilé tó bo gbogbo apá ibẹ̀. Ọ̀nà pákó gba orí irà kọjá, ọ̀bọ ń fò lókè, ọ̀nì wà nínú omi, awọ́nrínwọ́n ń wọ́ kiri. Afárá gbọọrọ kan sì wà tí wọ́n fi okùn irin gbé kọ́ láàárín orí igi, mítà 401. Bọ̀dá Awogbó di ojú rìn ín já. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Mo gbọ́ bó ṣe ń pe Jésù. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó kọ ọ́ sórí Facebook pé òun àti igbó ti di ọ̀kan. Kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀bọ kan àti ìpékeré rẹ̀ ti di ọ̀kan. Ó rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mú un. A yà á ní fọ́tò mẹ́rin kó tó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń sá fún ilé, ó mú wa lọ sí Òkè Ìdànrè. Ìlú ló wà lórí òkè yẹn rí, tòun ti ààfin Ọwá, kóòtù àti ilé ẹ̀wọ̀n, kí àwọn ará ibẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ ní 1923. Láti 2007 ni UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí ń retí ìdánimọ̀ àgbáyé. Àwọn kan ní àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 667, àwọn mìíràn ní 682. Bọ̀dá Awogbó kò lè bá wa yanjú ìyẹn, nítorí ibi ìsinmi kejì ló jókòó sí. Ó na fóònù sí ọmọkùnrin tó ń mú wa lọ.

“Àbúrò, bá mi ya ti òkè wá.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?”

“Èmi á máa ṣọ́ ẹrù.”

Ẹrù wo? Ike omi kan. Ìyá àgbà kan bá a níbẹ̀, ó kí i kú ìsinmi, ó ń gòkè lọ ní tirẹ̀. Lálẹ́, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpáta wà níbẹ̀, ààfin wà níbẹ̀, èmi pàápàá wà níbẹ̀. Òun nìkan ni kò sí. Ó ní ayàwòrán kì í sí nínú àwòrán ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ilé rẹ̀ wàyí. Nígbà tó kọ́ ọ, igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìn, máńgòrò méjì wà, ewúro ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Àgbálùmọ̀ ń da ewé, ó gé e. Máńgòrò ń pe àdán, ó gé e. Ewúro kò ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ejò lè sá sábẹ́ rẹ̀. Ó wá fi íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ láti géètì dé fẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Eèrà kò ríbi gbẹ́ ihò sí. Ó tẹ́ koríko oníke sí bákónì, ó sì ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ajá rẹ̀ ń tiro, nítorí náà ó ra ẹ̀rọ amúlétutù kẹta. (Èmi náà kò mọ́ o. Íńtálọ́ọ̀kì wà níwájú ilé tèmi.) Bí òjò bá rọ̀, omi tí ilẹ̀ kò rí mu mọ́ á gba abẹ́ géètì lọ kí aládùúgbò ìsàlẹ̀, kó tó wá odò Ala lọ, tòun ti ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dà sójú àgbàrá láti ilé Bọ̀dá. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dà á síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya ìyẹn ní fọ́tò.

Oko kòkó bàbá rẹ̀ ti di púlọ́ọ̀tì. Ó tà á tán lọ́dún méjì sẹ́yìn. Lára owó náà ni bàtà Kánádà ti wá. Ọ̀nà tóóró tí bàbá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ là dé abẹ́ ìrókò kò sí mọ́, ìrókò pàápàá kò sí mọ́. Tírélà sìmẹ́ǹtì ló ń gba ibẹ̀ báyìí.

Sátidé tó kọjá, ara ìyá gbóná. Ó ní ewúro lòun fẹ́ fún mu. Ó yà ilé mẹ́ta ládùúgbò, kò rí. Ọmọ rẹ̀ kò sí nílé, ó ti lọ wo igbó. Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò alápò mẹ́jọ lábẹ́ igi níbikíbi, ẹ bá mi sọ fún un kó já ewúro díẹ̀ bọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ewé náà hàn án.