Táyà Méjì Nídìí Kan

Àwa tí a ń fi píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kó ẹyìn láti Daagbé lọ sí Igolo, tó kojú sí Ìdíròkò, ọlọ́gbọ́n ni wá títí a ó fi dé ìsọ̀ táyà tòkunbọ̀. Ibẹ̀ la ti ń di òmùgọ̀, n kò sì yọ ara mi sílẹ̀. Táyà kan ti bẹ́ lẹ́yìn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an kò sí, alátáyà sì nawọ́ sí èyí tó tóbi díẹ̀: “Rímù kan náà ni, yóò wọlé.” Òótọ́ ni, yóò wọlé. Ìjàngbọ̀n rẹ̀ di ìgbà tó bá ń yí.

Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ táyà. 195/75R16: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 195, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, rímù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 16. Bí a bá rò ó pọ̀, ó ga tó mìlímítà 699. Ti 215/75R16 ga tó 729. Ọgbọ̀n mìlímítà péré! Ta ni yóò torí ìyẹn bá alátáyà jà? Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kan náà ló dè wọ́n mọ́ ìdí kan. Bí ọ̀kan bá yí lẹ́ẹ̀kan, èkejì ò lè yí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ńlá tó rin kìlómítà kan, kékeré ti jẹ nǹkan bíi mítà 41 ní gbèsè, ńlá á sì máa wọ́ ọ nílẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fà lọ́wọ́ lọ́jà. Bí ẹrù bá wọkọ̀, ńlá ló ń ru èyí tó pọ̀ jù. Á gbóná, á bẹ́. Kékeré á wá ru ẹrù ẹni méjì, òun náà á bẹ́. Ẹ wáá wo ẹ̀sín: ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú pópó, ẹyìn ń yí lọ sínú gọ́tà, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zẹ́mìjan dúró láti wòran, àwọn ọmọdé ń bá wa ṣà á, wọ́n sì ń kó díẹ̀ sápò. Bàbá àgbàlagbà kan á wá béèrè sókè ketekete iye tí a ra táyà ọ̀hún. Kò sí èsì tó bójú mu fún bàbá yẹn.

Àwọn kan á ní difuránṣà á yanjú rẹ̀. Irọ́ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀tún àti òsì nìkan ló mọ̀ ọ́n yanjú, bí ọkọ̀ bá ń yà. Ìjà àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà kò kàn án. Àwọn mìíràn á ní ká dín afẹ́fẹ́ ńlá kù. Èyí ló ń bí mi nínú jù! Afẹ́fẹ́ tí kò tó ló ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ táyà máa tẹ̀, kó gbóná, kó sì ya. Ẹni tó ń gbà wá nímọ̀ràn yẹn kì í sì í bá wa dúró lójú pópó. Nọ́mbà kan náà pàápàá kò tó. Tuntun tí eyín rẹ̀ jìn tó mìlímítà 10 fi mìlímítà 12 ga ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti jẹ kù sí 4, bẹ́ẹ̀ fún táyà kéékèèké báyìí, mìlímítà 6 ni wọ́n ní kí ìyàtọ̀ má kọjá. Ti owó ni mo gbà pé ó nira. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí owó méjì rà lè fi tuntun méjèèjì síwájú, kó kó àwọn tó ti jẹ bákan náà níwájú sẹ́yìn.

Ẹ mú okùn dání lọ sí ìsọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún táyà méjèèjì ní afẹ́fẹ́ kan náà, kí ẹ fi okùn yí wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ àyíká wọn bá ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.