Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Ń Sọ Àlejò Dọmọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí kò kọ́ ènìyàn ní ìlara, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí a kórìíra ọmọ aládùúgbò. Ohun tí ó ń sọ ni pé bó ti wù kí ìdí ọmọ ẹni rí, òun ni ó ni ìlẹ̀kẹ̀ tí ń bẹ nílé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n pa á gbà láìjiyàn pé ọmọ ti wà nílẹ̀ kí ìlẹ̀kẹ̀ tó dé, wọn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bí a ṣe ń dá ọmọ ẹni mọ̀, nítorí pé ojú gbogbo ará ilé ni wọ́n ti bí i tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Láàárín àwọn alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù yunifásítì ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ètò náà ti dojú rú pátápátá: ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ so, ẹni tí ó bá sì ti wọ̀ ọ́ tán ni ó di ọmọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò bá eré yìí pàdé rí, ó yẹ kí a là á ní ṣókí. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Bọ́ọ̀lù gígùn ni, orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó, agbábọ́ọ̀lù a máa gbé e há abíyá sáré tàbí kí ó fi ọwọ́ jù ú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn alátakò a sì máa sa gbogbo agbára wọn láti gbé ẹni tí ó mú un ṣánlẹ̀. Ẹni tí ó ń darí ìkọlù, tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń bọ́ sí lọ́wọ́, ni à ń pè ní kọ́tábáàkì. Òun ni ìyìn ń bá ṣáájú, òun náà sì ni èébú kọ́kọ́ ń kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gbá a, ṣùgbọ́n ará ìlú tí kò wọ kíláàsì kankan rí nínú yunifásítì náà a máa sọ pé “a borí” tàbí “wọ́n lù wá”, pápá Yunifásítì Michigan nìkan sì gba ènìyàn 107,601.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ NCAA tí ó ń ṣe àkóso eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì mú un ní dandan pé agbábọ́ọ̀lù tí ó bá ti yunifásítì ńlá kan ṣí lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó fún ọdún kan gbáko kí ó tó lè wọ pápá. Ní 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, àjọ náà dá ohun tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí portal sílẹ̀, èyí tí kò ju ìwé orúkọ inú kọ̀ǹpútà lọ: akẹ́kọ̀ọ́ a ní kí òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi orúkọ òun sí i, bí orúkọ náà bá sì ti hàn, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá wù lè pè é. Ní 2021 wọ́n mú ìjókòó ọdún kan náà kúrò fún ẹni tí ó bá ṣí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó fi máa di 2024, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti dé ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, iye ìgbà tí ènìyàn lè ṣí kò ní òdiwọ̀n mọ́, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti ń lọ déédéé. Owó sì tẹ̀lé e. Láti 1 oṣù Keje 2021 ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀, tí àwọn olówó tí wọ́n fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan sì ń dá owó jọ láti fi fa agbábọ́ọ̀lù wá. Ní oṣù Kẹfà 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tí ó jẹ́ kí yunifásítì fúnra rẹ̀ lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ láàárín ọdún kan.

Kò sí ẹ̀bi àwọn ọ̀dọ́ nínú èyí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè gbà láti san owó tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 76 dọ́là fún akọ́nimọ̀ọ́gbá kan kí ó ṣáà lè máa lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí Texas A&M ti ṣe fún Jimbo Fisher ní 2023, kò lẹ́nu láti sọ pé àwọn ọmọdé ni ó kó ìfẹ́ owó wọ eré náà. Orí ìjókòó àwọn òǹwòran ni ìwà òmùgọ̀ tí ó yẹ ní yẹ̀yẹ́ wà.

Yunifásítì Oklahoma, tí ó wà ní ìlú Norman, ni a ti lè rí i kedere jù. Baker Mayfield ti gbá bọ́ọ̀lù fún Texas Tech kí ó tó wá sí Norman, ó jókòó odidi sáà 2014 gẹ́gẹ́ bí òfin àtijọ́ ti wí, ó sì gba Heisman ní 2017, èyí tí í ṣe àmì-ẹ̀yẹ fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó tayọ jù lọ lọ́dún. Kyler Murray ti Texas A&M wá, òun náà gba Heisman ní 2018. Jalen Hurts ti Alabama dé ní 2019, ó ṣe ipò kejì. Ọdún mẹ́ta léra wọn, kọ́tábáàkì mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì jọ pé èyí dá oorun mọ́ ẹnikẹ́ni lójú ní Norman. Lẹ́yìn wọn ni ó wá kan Spencer Rattler, ẹni tí Oklahoma gbà tààrà láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí àwọn tí ń díwọ̀n ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù sì ti fún ní ìràwọ̀ márùn-ún, ìyẹn òkè téńté ìdíwọ̀n wọn. Ọmọ ilé gan-an nìyí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, nígbà tí West Virginia wá ṣe àlejò wọn tí ọwọ́ Rattler kò sì ya, àwọn èrò orí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ohùn kan pé Caleb ni àwọn fẹ́, èyíinì ni Caleb Williams, ọ̀dọ́mọdé tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí Rattler alára sì ń gbọ́ ọ láti orí pápá.

Wọ́n rí Caleb gbà. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó wọlé nígbà tí Yunifásítì Texas ti ń nà wọ́n lọ, Oklahoma sì fi 55 sí 48 borí, ayọ̀ náà kò sì ṣe é fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kọkànlá, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Lincoln Riley, kó ẹrù lọ sí Yunifásítì Southern California. Rattler gba South Carolina lọ. Nígbà tí ó sì di oṣù Kejì 2022, Caleb tẹ̀lé Riley, ó gba Heisman níbẹ̀ kí ọdún tó parí. Wọ́n lé ọ̀kan nítorí èkejì, àwọn méjèèjì sì bá ọ̀nà wọn lọ nínú ọ̀gìnnìtìn kan náà. Ìgbà yìí ni àwọn tí wọ́n ti gba Mayfield, Murray àti Hurts tọwọ́-tẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ìṣípòpadà ń ba eré jẹ́. Ní 23 oṣù Kẹrin ọdún náà, kí omijé wọn tó gbẹ, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Baker Mayfield lẹ́bàá pápá, inú gbogbo wọn sì dùn láti rí ọmọ wọn.

Irú àwọn ènìyàn báyìí ní ìmọ̀ tiwọn, ìmọ̀ náà sì ní òfin. Ẹni tí ó ń lọ, owó ni ó ń lé. Ẹni tí ó ń bọ̀, ó mọ ohun tí ó dára fún ọjọ́ ọ̀la rẹ̀. Kọ́tábáàkì ẹgbẹ́ alátakò tí wọ́n ti ń sọ láti oṣù Kẹsàn-án pé apá rẹ̀ kò lágbára, bí ó bá fọwọ́ síwèé fún wọn ní oṣù Kìn-ín-ní, wọn yóò ṣàwárí pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bò ó níbi tí ó ti wá ni kò mọṣẹ́. Bí tiwọn bá sì lọ, wọn yóò rántí lójú ẹsẹ̀ pé bọ́ọ̀lù méjì kan tí ó jù ní ọdún tó kọjá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, pé ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ nílò rẹ̀ mọ́. Kò sí babaláwo tí ó tètè rí àmì tó bẹ́ẹ̀.

Ti Joe Burrow dùn ún gbọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Ọmọ gúúsù ìlà-oòrùn Ohio ni, ó lo sáà mẹ́ta ní Ohio State láìrí àyè tó nǹkan, ó kàwé gboyè, ó sì lọ sí Louisiana State ní 2018. Ní ọdún 2019, mẹ́rin ni àwọn tí wọ́n pè sí New York fún ìdíje àṣekágbá Heisman: Burrow, Hurts, Justin Fields tí ó ti Georgia lọ sí Ohio State, àti Chase Young, ẹni kan ṣoṣo láàárín wọn tí kò kúrò níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Burrow ni ó gbà á. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, ní 30 oṣù Kọkànlá, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀ ní Baton Rouge, níbi tí pápá Louisiana State wà, orúkọ tí ó wà lẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀ bí ó ti ń jáde sí pápá kì í ṣe Burrow mọ́, “Burreaux” ni, bí àwọn ará Louisiana tí wọ́n jogún èdè Faransé ti máa ń kọ orúkọ, pápá sì mì tìtì. Ọjọ́ kẹjọ ni Yorùbá ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ọdún 22 ni wọ́n sọ lórúkọ ní Louisiana. Ṣùgbọ́n nígbà tí Burrow fúnra rẹ̀ dúró láti dúpẹ́ ní New York, àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní agbègbè Athens ní Ohio, níbi tí ó ti dàgbà, ni ó dárúkọ, tí ó sì ń sunkún. Ọ̀rọ̀ náà sì mú kí àwọn ènìyàn dá owó ńlá jọ fún oúnjẹ wọn. Ẹni tí gbogbo wọn ń jà lé lórí nìkan ni kò ṣìnà ilé.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí òǹkàwé yìí. Olusegun Oluwatimi bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú, ó lọ sí Virginia, ó sì dé Michigan ní 2022 láti lo sáà kan péré. Sẹ́ńtà ni, èyíinì ni ẹni tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù láàárín ìlà iwájú, tí ó ń ti àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì fi í ránṣẹ́ sí kọ́tábáàkì, tí ó sì ń fi àyà dí ọ̀nà mọ́ òmìrán lójú ẹsẹ̀. Ní sáà kan yẹn, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Rimington fún sẹ́ńtà tí ó tayọ jù àti àmì-ẹ̀yẹ Outland fún àwọn tí ń bẹ ní ìlà iwájú, Michigan sì lu Ohio State ní 45 sí 23 nínú ilé rẹ̀. Michigan pè é ní ọmọ Michigan, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó sọ ọ́ ní Olusegun kò yí padà ní gbogbo yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìfẹ́ ọmọ tuntun kì í gbóná láìsí ọ̀tá. Lọ́dọọdún, Texas àti Oklahoma a máa pàdé ní pápá Cotton Bowl ní ìlú Dallas láàárín ọjà-ìpàtẹ ìpínlẹ̀ Texas, ìdajì pápá a pupa, ìdajì kejì a ní àwọ̀ ọsàn tí iná rà. Àwọn ará Texas a na ìka ìlábẹ̀ àti ọmọńdinrín sókè bí ìwo màlúù, àwọn ará Oklahoma a sì da ìwo náà dojú kọlẹ̀. Ìyẹn kò pa ènìyàn. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, ọ̀tọ̀ ni. Ní oṣù Kọkànlá 2010, Yunifásítì Auburn fi 28 sí 27 lu Yunifásítì Alabama, Cam Newton sì ni kọ́tábáàkì Auburn, ẹni tí ó ti gba Florida àti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Texas kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Alátìlẹ́yìn Alabama kan lọ da oògùn apakòríko sí ìdí àwọn igi óákù tí àwọn ará Auburn máa ń ju tíṣù sí lórí nígbà tí wọ́n bá borí, kò sì pẹ́ tí ó fi pe ètò orí rédíò láti fọ́nnu. Newton lo sáà kan ṣoṣo ní Auburn, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn igi náà, tí wọn kò ṣí kúrò lójú kan rí, ni wọ́n gé ní oṣù Kẹrin 2013.

Bí ó bá jẹ́ pé dídúró sójú kan ni ìṣòótọ́ lóòótọ́, àwọn yunifásítì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn. Ní 1 oṣù Keje 2024, Oklahoma àti Texas fi líìgì Big 12 sílẹ̀ lọ sí líìgì SEC, níbi tí owó tẹlifíṣọ̀n ti pọ̀ ju ti Big 12 lọ. Bọ́ọ̀lù tí Oklahoma ti ń bá Oklahoma State gbá lọ́dọọdún láti 1910 dópin ní oṣù Kọkànlá 2023, Oklahoma State sì fi 27 sí 24 dágbére fún un. Southern California náà ti bọ́ sínú líìgì kan náà pẹ̀lú Rutgers, tí ó wà ní New Jersey ní ìpẹ̀kun kejì ilẹ̀ náà. Bákan náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Lane Kiffin fi Ole Miss sílẹ̀ lọ sí Louisiana State ní ìparí oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra ìdíje àṣekágbá lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Auburn wá sí Norman pẹ̀lú Jackson Arnold, tí ó jẹ́ kọ́tábáàkì Oklahoma ní ọdún tí ó ṣáájú, John Mateer tí Oklahoma ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láti Washington State sì ni ó wà níwájú rẹ̀. Oklahoma borí ní 24 sí 17, wọ́n sì gbé ọmọ àná ṣánlẹ̀ léraléra.

Ariwo àwọn alátìlẹ́yìn àti ti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí NCAA fi dín àkókò ìṣípòpadà kù. Ní ọdún 2026, láti 2 sí 16 oṣù Kìn-ín-ní ni agbábọ́ọ̀lù ní àǹfààní láti fi orúkọ sílẹ̀, àfi bí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ bá lọ tàbí bí ìdí pàtàkì mìíràn bá wà. Fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó fẹ́ lọ, àti fún yunifásítì tí ó fẹ́ yí líìgì padà, wọn kò fi ọjọ́ kankan sí i.