Ìfikùnlukùn Lórí Ọgbà Tí Wọ́n Ti Wọ̀n Tán

Ìfikùnlukùn ni ìpàdé tí ìjọba máa ń pe aráàdúgbò sí láti bi wọ́n bóyá kí òun ṣe ohun tí òun ti ṣe tán. Nínú ọ̀rọ̀ fífẹ ọgbà ìgbafẹ́ lójú ní Ìlọrin, olú-ìlú Kwara, ọ̀dà pupa ló máa ń ṣíwájú: wọ́n á kọ 'X' gàdàgbà sára ṣọ́ọ̀bù, àwọn awọnlẹ̀ á sì ri òpó kóńkéré kúkúrú mọ́ ìdí igi máńgòrò. Ìwé ìpè á wá tẹ̀ lé e. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ ni pé ìjọba kò tíì pinnu ohunkóhun.

Kò sí ẹni tó máa jiyàn pé Ìlọrin nílò ibi ìgbafẹ́. Nígbà ìkànìyàn 1963, èèyàn 208,546 ni wọ́n kà nílùú náà. Nígbà tó fi máa di 2006, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pín ìlú náà láàárín ara wọn, ìyẹn Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Ìlọrin, ti ní 777,667. Ilé pọ̀ sí i, ọkọ̀ pọ̀ sí i, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí i. Ilẹ̀ tí ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn pọ̀. Bèbè odò Asà tó gba àárín ìlú kọjá, tí ìlú mìíràn ì bá fi ṣe ọgbà gbọọrọ, ààtàn ni lójú ẹlòmíì, ibi ìkọ́lé ni lójú ẹlòmíì, títí òjò yóò fi rọ̀ tí odò yóò gba ààyè rẹ̀ padà láìpe ìpàdé. Metropolitan Square tó wà ní ọ̀nà Asa Dam gbòòrò lóòótọ́, àmọ́ àwọn olóṣèlú mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju àwọn ọlọ́mọ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpolongo ìbò ààrẹ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023.

Òfin kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà. Òfin ètò ìlú, Nọ́ńbà 88 ti 1992, ka iṣẹ́ ìgbafẹ́ ńlá mọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọ́fíìsì alájà gíga: ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ àlàyé lórí ohun tí yóò ṣe sí àyíká. Òfin Nọ́ńbà 86 ti ọdún kan náà, tó dá lórí àyẹ̀wò àyíká, ní kí wọ́n fún aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìpinnu tó wáyé. Àwọn tó ń pe ìpàdé kò gbà pé àwọn rú òfin yìí, nítorí lójú tiwọn, ìpinnu kì í di ìpinnu títí kọmíṣọ́nnà yóò fi sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ló wá mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà kí ó máa bá aráàlú tọ́jú rẹ̀. Bí ìjọba bá wá ń bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ aráàdúgbò, ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni. Apá 28 fún gómìnà láyè láti gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbogbòò. Apá 29 ní kí wọ́n san owó ilé àti irè tó wà lórí rẹ̀. Apá 47 sì ní kí ilé-ẹjọ́ má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Onílé tó bá ní ẹ̀hónú lórí iye owó, ìpàdé nìkan ló kù fún un, bóyá ìdí sì nìyí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi máa ń dákẹ́ tó bá ti kàn án.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ìpè, kí àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ má bàa dí ìpàdé lọ́wọ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àílà. Alfa á ṣàdúà, pásítọ̀ á tẹ̀ lé e, ìkíni á sì bẹ̀rẹ̀: aṣojú Bàlógun, ì báà ṣe ti Gàmbàrí, ti Fúlàní, ti Ajíkòbì tàbí ti Àlànàmú, àwọn mógàjí, alága ẹgbẹ́ onílé, ìyálọ́jà, àti olórí ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Bí wọ́n bá ṣèèṣì kí ẹnì kan ṣáájú ẹni tí oyè rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ìkíni á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣí àwòrán ọgbà tuntun. Kọ̀ǹpútà ló yà á. Koríko ibẹ̀ tutù minimini, bẹ́ẹ̀ oṣù Èrèlè ni ìpàdé ń wáyé, tí eruku ń fọ́ni lójú. Omi ń tú yàà sókè níbi tí iná mànàmáná kò tíì dé. Òyìnbó méjì ń fa ajá kọjá ní ibi tí wọ́n máa ń so àgbò Iléyá mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè àdúgbò tí àwọn òyìnbó náà ń gbé. Igi máńgòrò kò sí nínú àwòrán; ọ̀pẹ òkèèrè ló rọ́pò rẹ̀, èyí tí kì í so èso tí ọmọdé ń jẹ, tí kì í sì í ṣíji bo ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni àyè máa ń gbà. Ẹni àkọ́kọ́ kì í bèèrè nǹkan kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gómìnà ni. Ẹnì kejì á bèèrè tiransifọ́mà. Ẹnì kẹta, ọmọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ náà nírọ̀lẹ́, á bèèrè ibi tí òpó gólù wà nínú àwòrán. Wọ́n á ní ìbéèrè rẹ̀ dára gan-an, wọ́n á sì pín ìrẹsì. Ìyá tó ń dín másà lábẹ́ igi máńgòrò, tó mọ iye ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ ju awọnlẹ̀ kankan lọ, kì í ráàyè dé abẹ́ kánópì: àwọn tó wá sí ìpàdé ló ń tà fún.

Ní 1969, Sherry Arnstein, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, fi irú ètò báyìí wé àkàbà tó ní ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìtẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí wọ́n kàn máa tan aráàlú; ìkẹrin ni kí wọ́n bèèrè èrò rẹ̀; ìkẹjọ ni kí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bíbéèrè lásán, láìsí ohun tó ń mú kí wọ́n lo ìdáhùn, ojú ayé ni. Nínú ìpàdé ọgbà, àkàbà kan ṣoṣo tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi gbé báńà kọ́.

Àwọn tó ń lo ilẹ̀ náà gan-an, àwọn tó ń lẹ táyà, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń ta wàrà àti kúlíkúlí, kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọn kì í sí nínú ìṣirò owó gbà-má-bínú. Níní ìwé pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà gbani. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Central Park ní New York, èèyàn bíi 225 ló ń gbé Seneca Village, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn kan sì ní ilẹ̀ wọn pẹ̀lú ìwé. Kí 1857 tó parí, wọ́n ti kó gbogbo wọn kúrò. Ọgbà náà rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò nílò ìpàdé rárá. Ní òpin 2019, ìjọba Kwara kéde pé òun ti gba ilẹ̀ Ilé Arúgbó, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe àwọn arúgbó lóore, ní GRA Ìlọrin padà. Ẹbí olóògbé Olúṣọlá Sàràkí, àgbà olóṣèlú ìlú náà, ní àwọn ló ni ín. Ìjọba ní ilẹ̀ ọ́fíìsì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Ní 2 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí katakata fi dé láti wó o, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá arúgbó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Àwọn tó bá rántí ìdájí ọjọ́ náà mọ rírì kánópì.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn ìpàdé ni àbọ̀ rẹ̀. Ìwé tí àwọn èèyàn buwọ́ lù kí wọ́n tó gba owó ọkọ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí pé wọ́n fara mọ́ ètò náà, fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì á sì jẹ́rìí pé inú wọn dùn. Ọ̀rọ̀ òpó gólù á bọ́ sábẹ́ 'àwọn nǹkan mìíràn'. Lẹ́yìn náà ni ògiri á yí ọgbà ká, géètì á wà lẹ́nu rẹ̀, bàbá kan á sì mú kọ́kọ́rọ́ dání níbẹ̀. Owó ìwọlé kì í sí nínú àwòrán tí wọ́n fi han aráàdúgbò. Wọ́n á fikùn lukùn lórí ìyẹn náà, tí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé dé.