Bọ̀dá Aláàánú Ti Dé

Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, tí àgbàdo tútù kún ẹ̀gbẹ́ títì láti Igbó-Ọrà títí dé Tápà, kí ẹ máa retí Bọ̀dá Aláàánú ní Ayétẹ̀. Ẹ kò ní wá a tì. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ló ń wọ̀, wọ́n kọ OLÙYỌ̀ǸDA ARA ẸNI gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀. Èkó ló ń gbé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìlú kì í jẹ́ kó sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí gbohùngbohùn, láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí àwa ń sùn ní tiwa.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ màmá arúgbó kan tí kò ríran mọ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló bá a wọlé: méjì gbé báńà, mẹ́ta ń ya fótò, ọ̀kan di àpò iyọ̀ mú. Àwọn tó kù, mi ò mọ iṣẹ́ wọn. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tó ń ya fótò ṣì ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó wá gbé iyọ̀ lé màmá lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi. Fótò yẹn ò jáde dáadáa."

Màmá dá a padà. Wọ́n tún gbé e fún un.

"Màmá, ojú yín le jù. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí kámẹ́rà."

"Apá ibo ló wà, ọmọ mi?"

Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ, màmá ṣàdúrà fún wọn: "Olúwa á bù kún un yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ fún mi níyọ̀ o, àmọ́ ẹyọ kan ni mò ń fọwọ́ bà."

Obìnrin kan wà lójúlé kejì. Àràárọ̀ ló ń rán ọmọ rẹ̀ sí màmá yìí, kó lọ wò ó bóyá ó jí ire. Tójò bá ṣú, òun ló ń sáré bá a kó láfún tó sá sórí àpáta wọlé. Tílẹ̀ bá ṣú, á bu àmàlà fún un. Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ iyọ̀. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó sún sẹ́yìn, ó ń dí báńà.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tún wà fáwọn ọmọ tó wà nílé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ta kánópì, àwọn àgbà sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ gba ìwé tí àwòrán Bọ̀dá wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè, Bọ̀dá ti padà s'Ékòó. Ọmọge kan tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Lánlátẹ̀, tó wálé lo ìsinmi, ló kọ́ wọn ní ìṣirò títí oṣù fi parí. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra ṣọ́ọ̀kì.

Ti kànga ẹ̀rọ ló wá dùn jù. Ó gbẹ́ ẹ lóòótọ́, omi sì jáde. Ká má parọ́ mọ́ ọn. Ibi mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ibẹ̀. Nígbà tó yá, rọ́bà inú ẹ̀rọ já, omi dáwọ́ dúró. Bọ̀dá padà wá lóṣù kẹjọ, ó wo ibẹ̀ yíká, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kun orúkọ náà.

Omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Ìbàràpá tiwa níbí. Ìdèrè tó múlé gbè wá fojú winá àrùn sòbìà rí: ẹsẹ̀ àgbẹ̀ á wú, oko á di igbó. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní Igbó-Ọrà, àmọ́ kì í ṣe dókítà nìkan ló lé sòbìà lọ. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ abúlé níṣẹ́ ìlera. Télọ̀ ìlú rán aṣọ asẹ́mi, àwọn olùyọ̀ǹda wọ̀nyí sì ń gbé e láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń ṣàlàyé bí sòbìà ṣe ń ti inú omi adágún wọ ara. Ọdún 2008 la rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Mélòó lẹ mọ orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tó gbé aṣọ asẹ́mi kiri? Èmi ò tíì rí báńà wọn.

Ká má sì di gbogbo ẹ̀bi ru Bọ̀dá. Àwa la pàtẹ́wọ́, àwa la fi oyè dá a lọ́lá, àwa kan náà la tún ń bi í pé ìgbà wo ni fótò máa jáde.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, mo bẹ̀ yín. Tó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ rọra gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ní kó kọ́kọ́ ra rọ́bà fún ẹ̀rọ omi. Owó rọ́bà náà ò tó owó báńà kan.